Ikú Wọ Òkun Ẹnjiníà

Edé tó kẹ́yìn kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn funfun, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ bí ẹni tí òtútù ń mú, ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn kan sì ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Elizabeth Ajíbọ́lá sún mọ́ gíláàsì náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wo edé, ó wo ẹja, ó tún padà wo edé. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ní àgọ́ ọlọ́pàá Adó-Èkìtì. Òkú tó ti wò láyé rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì pè é wá wo òkú edé rí.

"Ẹnjiníà," ó ní, "kí ló dé tí ẹja ò kú?"

Olúdáre Bámijókò, tó ni ilé, tó sì ni omi, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ga, orí rẹ̀ ti funfun, ó sì káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú.

"Kí lẹ wí, mà?"

"Edé kú. Ìgbín òkun kú. Iyùn tó jẹ́ ohun alààyè lọ́jọ́sí ti funfun bí egungun. Ẹja ní tirẹ̀ ń jẹun. Májèlé wo ló ń ṣa ẹni tó ń pa?"

"Kọ́pà ni, mà. Mo kán oògùn àyẹ̀wò sínú omi náà, àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà. Kọ́pà kì í tètè pa ẹja. Ṣùgbọ́n edé, ìgbín, iyùn, àwọn tí kò ní eegun ẹ̀yìn, bíńtín rẹ̀ ń pa wọ́n. Èèyàn kan sì wà tó ń fi kọ́pà ṣiṣẹ́ jẹun, tó ti halẹ̀ mọ́ omi yìí níṣojú mi. Àbúrò mi ni."

Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ìyẹn gan-an ló ba Elizabeth nínú jẹ́. Ẹni tó bá ń pariwo, èèyàn lè rọ̀ ọ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìkẹ́rẹ́, Adétúnjí, àbúrò náà, ti jókòó sórí bẹ́ńṣì láti òwúrọ̀. Sájẹ́ǹtì Ọlọ́runtọ́ba, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Elizabeth nígbà kan, ló lọ kan ilẹ̀kùn Elizabeth. "Mà," ó ní, "ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí Ẹnjiníà bá wá fọwọ́ sí ẹjọ́ yìí nírọ̀lẹ́, kóòtù ló kù. Ohun tí kóòtù bá ti là, ta ló lè rán an mọ́?" Láti ìgbà tí ọkọ Elizabeth ti kú, kì í sábàá jáde lọ síbì kan yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ó wọ bàtà, ó sì tẹ̀ lé e.

Kò sí ẹni tí kò mọ òkun Ẹnjiníà ní àdúgbò náà. Inú ọkọ̀ ojú omi ni Olúdáre ti fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, láti Èkó títí dé ibi tí kò sí ilẹ̀ mọ́. Nígbà tó ń bọ̀ wá sílé, ó ní òun kò lè fi òkun sílẹ̀ sí Èkó. Ó wó ilẹ̀ pálọ̀ bàbá rẹ̀, ó sì fi kọnkéré tó nípọn tún un dà, kí ìwúwo omi má baà mú kó rì. Tírélà ló gbé gíláàsì náà wá, fóòmù yí i ká, ó gùn bí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sẹ́ omi kànga ẹ̀rọ títí kò fi ku nǹkan kan nínú rẹ̀ ju omi lọ, kó tó wá po iyọ̀ òkun mọ́ ọn. Ó to òkúta, ó tẹ́ iyanrìn, ó tan ẹ̀rọ, ó sì jókòó tì í. Ọ̀sẹ̀ ń lọ, ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, kò sí ẹja. Bí àwọn aládùúgbò bá béèrè, á ní, "Omi náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé lọ́jọ́ Kérésì ni yóò wá sè é ni.

Lẹ́yìn náà ló kó ìgbín wọ̀ ọ́, ó kó edé, ó kó ẹja, ó sì gbin iyùn sára òkúta. Sólà tó wà lórí òrùlé ló ń gbé páńpù rẹ̀. Nísàlẹ̀ gíláàsì ńlá náà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígi, gíláàsì kékeré mìíràn wà tí omi ń ṣàn sí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń sẹ́ ẹ, tó ti ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó tó tì í padà sókè.

"Ìgbà wo ni àbúrò yín halẹ̀ mọ́ ọn?" Elizabeth béèrè.

"Ọjọ́ tó wá kẹ́yìn. Ògòtún ló ti ń bọ̀, láti oko kòkó rẹ̀, oògùn kòkó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí búlúù. Ó wo omi yìí, ó ní, 'Lọ́jọ́ kan òkun á padà sílé rẹ̀.' Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í kú."

"Ẹ ò pààrọ̀ omi?"

"Léraléra, mà. Kọ́pà á lọ sílẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún gòkè."

"Adétúnjí ti wá síbí lẹ́yìn ìgbà náà?"

"Mo ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi."

Elizabeth yí ojú kúrò lára gíláàsì.

Nítòsí gíláàsì, ìyá Olúdáre sùn sórí àga onígi, orí wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ti gbó, wọ́n ti fúyẹ́. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí itan. Ẹ̀gbà pupa kan wà ní ọrùn ọwọ́ òsì. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ṣófo, àfi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ ju awọ ara ìyókù lọ. Elizabeth bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lára apá àga, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń sinmi, ohun funfun kan ti gbẹ mọ́ igi bí ìyẹ̀fun. Ó fi ìka kàn án, ó sì fi ìka náà kan ahọ́n.

Iyọ̀ ni.

Jọkẹ́, ìyàwó Olúdáre, ti dé láti ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ó fi ojú pe Elizabeth lọ sí ilé ìdáná, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Mà, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ kọ́pà lọ. Màmá ń rí Bàbá nínú omi."

"Bàbá wo?"

"Bàbá ọkọ mi. Wọ́n ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Tí èmi àti Màmá bá ti ku àwa méjì, wọ́n á nawọ́ sí omi, wọ́n á ní, 'Bàbá wà nínú omi. Ẹ bá mi gbé e.' Ara mi á bù máṣọ. Mo ní kí pásítọ̀ wá gbàdúrà."

"Kí ni Màmá ṣe nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà?"

"Wọ́n ń ṣe àmín. Nígbà tí pásítọ̀ parí, wọ́n bi í pé ṣé ó ti rí i gbé."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Elizabeth, ṣùgbọ́n ojú Jọkẹ́ ti kún fún omijé. "Láti ọjọ́ yẹn wọn ò fẹ́ jẹun mọ́, mà."

"Ẹnjiníà ńkọ́? Ṣé òun náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Kò fẹ́ gbọ́ ọ. Tí Màmá bá ti la ẹnu báyìí, á jáde."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o gbọ́ èdè Ìkẹ́rẹ́ dáadáa?"

Jọkẹ́ wo ilẹ̀. "Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, mà. Ti Màmá máa ń ṣòro fún mi díẹ̀, pàápàá nísinsìnyí tí ohùn wọn ti rẹlẹ̀. Mo máa ń fi òye gbé e."

"Apá àga wọn, ṣé o máa ń fi omi iyọ̀ nù ún?"

"Omi iyọ̀ kẹ̀, mà? Rárá o."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Adétúnjí dìde kí Elizabeth. Aṣọ oko ló wọ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú kí wọ́n tó béèrè. Búlúù ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi lẹ wá wò, òun rèé."

"Kí ló wà lára rẹ̀?"

"Oògùn kòkó. Lásìkò òjò, kòkó máa ń dúdú lórí igi, á sì jẹrà. Òun la fi ń wọ́n ọn."

"Kọ́pà wà nínú rẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"O kò ki ọwọ́ yìí bọ omi ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Mà, mo mọ ohun tí oògùn yìí ń ṣe. A kì í fọ ẹ̀rọ ìfín-oògùn sódò, torí akàn á kú, edé á kú. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n."

Sájẹ́ǹtì Ọlọ́runtọ́ba, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, gbé orí sókè. Kálàmù rẹ̀ dúró.

"Wọ́n ní o sọ pé òkun á padà sílé," Elizabeth ní.

"Mo sọ ọ́. Inú ló ń bí mi. Ibi tí Tíṣà máa ń gbé àga sí gẹ́lẹ́ ni Bọ̀dá gbé gíláàsì sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa ní ABD."

"Ta ni Tíṣà?"

"Bàbá wa. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní nǹkan mìíràn. Màmá gan-an, Tíṣà ni wọ́n ń pè wọ́n. N ò gbọ́ orúkọ mìíràn lẹ́nu Màmá rí." Ó jókòó padà. "Ṣé Màmá ti jẹun?"

"Wọn ò tíì jẹ."

"Ẹ sọ fún Jọkẹ́ kó gún iyán fún wọn, kó má le. Ọwọ́ ọ̀tún ń dùn wọ́n, làkúrègbé ni. Ọjọ́ tí mo lọ yẹn ni mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n máa fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ọwọ́ náà, bí ìyá wọn ṣe máa ń ṣe látijọ́. N ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ mi."

Nígbà tí wọ́n bọ́ síta, Ọlọ́runtọ́ba mi orí. "Mà, ó ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ń pa edé."

"Ó jẹ́wọ́ pé òun mọ̀. Ẹni tó bá ṣe é ìbá ti sọ pé òun kò mọ̀."

"Ìyẹn nìkan kò tó gba èèyàn sílẹ̀."

"Ó dáa, gbọ́ èyí. Tóo bá fẹ́ ba omi náà jẹ́, ṣé díẹ̀díẹ̀ lo máa dà á? Wàá da páálí oògùn kan sí i, wàá sá. Gbogbo ohun inú rẹ̀ á kú lẹ́ẹ̀kan, tẹja tedé. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ omi, oògùn náà á lọ. Èyí ń lọ, ó tún ń padà. Nígbà tó ń padà yẹn, Adétúnjí wà ní Ògòtún." Elizabeth ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ohun tó ń padà bẹ́ẹ̀, ó ń gbé inú ilé, Tọ́ba. Gbé mi padà."

Màmá ti jí. Elizabeth fa àpótí kan, ó jókòó sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ wọn, ó kí wọn. Wọ́n súre fún un, wọ́n béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́.

"Ṣé ẹja lẹ ń wò, Màmá?"

"Kí ni n ó wo ẹja fún, ẹja tí a ò níí jẹ?" Wọ́n mú ojú kúrò lára omi, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ àṣírí ilé fún àlejò. "Bàbà wà nínú omi. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e."

Elizabeth fa àpótí náà sún mọ́ wọn.

Ọkọ rẹ̀, Ọládiípọ̀, ló máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, títí àìsàn fi gba ọwọ́ rẹ̀. Ohun kan wà tí kì í fara mọ́: kí orin máa pa ohùn ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, á na ìka sórí tábìlì, á ní kí Elizabeth fi dò, re, mí sọ orúkọ ohun tó bá wà níwájú wọn. Abọ́, re, mí. Ìkòkò, dò, dò, dò. Ó máa ń ní Ọlọ́run ti kọ orin sínú ẹnu Yorùbá, èèyàn kàn ń ṣì í kọ ni. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá a ṣeré náà. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbàgbé.

Ẹni tó bá pe bàbá, ohùn rẹ̀ á gòkè lẹ́yìn: dò, mí. Ohùn Màmá rẹlẹ̀, ó há, ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ á ní àìlera ni. Ṣùgbọ́n kò gòkè rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ó sì parí sílẹ̀. Dò, dò.

"Màmá," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Tíṣà ńkọ́?"

Màmá wò ó bí ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe. "Tíṣà ti kú, ọmọ mi. Ṣé wọn ò sọ fún ọ ni? Ulé Ọlọ́run ló wà. Kí ló máa wá ṣe nínú omi?"

"Kí ló wá wà nínú omi?"

Màmá gbé ọwọ́ òsì wọn sókè, wọ́n sì mi ẹ̀gbà pupa tó wà níbẹ̀. "Ìkejì èyí."

"Báwo ló ṣe débẹ̀?"

"Omi uyọ̀ rèé, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Olúdáre ló ṣe é, Ọlọ́run á bù kún un. Tó bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ń tù mí lára." Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀, ó sì ṣí fúnra rẹ̀. Nínú òkùnkùn rẹ̀, omi ń kùn wúyẹ́wúyẹ́. "Ara mi ti rù. Lọ́jọ́ kan, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Elizabeth pe Olúdáre àti Jọkẹ́. Olúdáre ti wọ aṣọ ìjáde. Àgọ́ ọlọ́pàá ló ń múra àtilọ.

"Ẹnjiníà, ìbéèrè kan péré. Kí ni Yorùbá ń pe kọ́pà?"

Olúdáre wo ẹ̀rọ, ó wo páìpù. Ó ti fi kọ́pà ṣe páìpù, ó ti fi ṣe wáyà, ó ti jó o pọ̀ lórí òkun ayé gbogbo, kò sì sí ọjọ́ kan tó béèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ojú rẹ̀ lọ sí ọwọ́ òsì Màmá.

"Bàbà," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò gòkè.

Jọkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.

Olúdáre kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó ká ọwọ́ aṣọ, ó sì ki apá bọ gíláàsì ìsàlẹ̀ náà. Ó wá a lábẹ́ páńpù, níbi tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ ti kó jọ. Nígbà tó fa ọwọ́ yọ, ẹ̀gbà kan wà láàárín ìka rẹ̀. Iyọ̀ ti jẹ ẹ́. Apá kan ń dán, apá kejì rí bí ewé tó ń jẹrà.

"Mo wá gbogbo ibi tí ojú ń wò," ó ní. "N ò wá ibí."

"Ta ló ra ẹ̀gbà yìí fún Màmá?" Elizabeth béèrè.

Màmá ló dáhùn. "Ti ọ̀tún, Olúdáre ló rà á. Ti òsì, Adétúnjí. Wọ́n ní ó dára fún làkúrègbé." Wọ́n gba ẹ̀gbà náà, wọ́n nù ún sára ìró wọn, wọ́n sì fi í sọ́wọ́ padà. "Mo ní ẹ bá mi gbé e. Ẹ lọ pe pásítọ̀."

Jọkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Olúdáre kò rẹ́rìn-ín. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú omi, ó ń wo edé tó kú, omi iyọ̀ ń kán láti ìgbúnwọ́ rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìwé.

"Túnjí bi mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta," ó ní, "pé, 'Bọ̀dá, ṣé ẹ gbà pé mo lè ṣe é?' N ò dá a lóhùn."

"Ó ṣì ń dúró de èsì," Elizabeth ní.

Màmá ní àwọn náà ń lọ, wọ́n sì jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elizabeth, ẹ̀gbà ń ró lu ẹ̀gbà bí ọkọ̀ ṣe ń bọ́ sí kòtò. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ọlọ́runtọ́ba gbé ìwé ẹjọ́ síwájú Olúdáre. Olúdáre tì í padà, kò tilẹ̀ wò ó. Ó lọ dúró níwájú bẹ́ńṣì tí àbúrò rẹ̀ jókòó sí.

"Ẹ̀gbà ọwọ́ Màmá ló bọ́ sínú omi," ó ní. "Ẹ̀gbà tí èmi fúnra mi rà. Túnjí, mo ṣẹ̀ ọ́."

Adétúnjí wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ka ẹ̀gbà, òsì àti ọ̀tún, ọ̀rọ̀ náà sì yé e.

Olúdáre na ọwọ́ sí i.

"Oògùn kòkó ṣì wà lọ́wọ́ mi, Bọ̀dá," Adétúnjí ní.

"Mú un wá. Èmi kì í ṣe edé."